Ẹni Tí Ayò Ń Jẹ Níyà, Odù Ni Kí Ó Kó
Láti ọwọ́ Ọmọ Ọlọ́sunta

Láti ìgbà tí àwọn baba ńlá ti ń gbẹ́ ọpọ́n, tí wọ́n sì ń ṣa ọmọ ayò nínú igbó, títí di òní tí àwọn àgbà Ìkẹ́rẹ́, ìlú tí ó fi ẹ̀yìn ti òkè Ọlọ́sunta, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Ìsẹ̀ àti ní Èmùré, ṣì ń jókòó sábẹ́ igi lọ́sàn-án láti ta á, ìmọ̀ràn kan náà ni àwọn òǹwòran ń kígbe sí etí ẹni tí ayò bá ń jẹ níyà: pé kí ó jẹ, kí ó tún jẹ, kí ó má ṣe jẹ́ kí ohunkóhun tí ojú rẹ̀ bá tó kọjá láìjẹ. Ìmọ̀ràn yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Ẹni tí ọ̀ta, ìyẹn ẹni tí ó mọ ayò ta dáadáa, ti jẹ mẹ́wàá mọ́ lójú, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì tíì jẹ ju méjì lọ, kò lè fi jíjẹ kéékèèké lé e bá láéláé. Ohun tí ó yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí ó ká ọwọ́ kò, kí ó fara da ẹ̀fẹ̀ àwọn tí ó pe òpè mọ́ ọn lórí, kí ó sì fi gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ kó odù.

Ilé 12 ni ó wà lójú ọpọ́n, 6 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ 4 ni a ń fi sínú ilé kọ̀ọ̀kan kí ayò tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 48. Ẹni tí ó bá sì jẹ 25 ti borí. Kò sí ọmọdé Èkìtì tí ó jókòó ti bàbá rẹ̀ nídìí ọpọ́n tí kò mọ èyí, tí kò sì mọ̀ pé ìgbà tí ọmọ ìkẹyìn tí a gbìn bá bọ́ sílé ẹnì kejì, tí ó sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ di 2 tàbí 3, ni a tó lè jẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rò jinlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé tí ọmọ inú rẹ̀ bá pé 12 tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí í ṣe odù. Bí a bá tú u, yóò yí ọpọ́n ká, yóò fo ilé tí ó ti jáde, ó sì lè tún padà wọ ilé ẹnì kejì lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ jẹ́ kí a gbé odù náà sí ilé tí ó wà ní ìpẹ̀kun ọwọ́ ọ̀tún, kí ọmọ inú rẹ̀ sì jẹ́ 16. Bí onílé bá tú u, 6 àkọ́kọ́ yóò bọ́ sí ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ó jẹ́ ti ẹnì kejì, 5 yóò bọ́ sí ilé márùn-ún yòókù tí ó jẹ́ tirẹ̀, 5 ìkẹyìn yóò sì tún gba ilé márùn-ún àkọ́kọ́ ẹnì kejì kọjá. Bí òfo bá ni àwọn ilé márùn-ún náà tẹ́lẹ̀, 2 ni yóò wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ ẹyọ kan bá wà níbẹ̀, yóò di 3. Gbogbo rẹ̀ ni a ó sì kó jẹ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó kéré tán 10, ó pọ̀ tán 15. Ẹni tí a ti ń yọ ṣùtì sí láti òwúrọ̀ yóò fi ìtúsílẹ̀ kan ṣoṣo gba ohun tí a ti fi ọ̀pọ̀ ìgbà jẹ mọ́ ọn lójú. Ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra, nítorí pé bí odù náà bá di 18, ọmọ ìkẹyìn yóò padà bọ́ sílé onílé, kò sì ní jẹ ẹyọ kan.

Ìdí tí ọgbọ́n yìí fi yẹ ẹni tí ó wà lẹ́yìn ju ẹni tí ó wà níwájú lọ ni pé jíjẹ tí ọ̀ta ń jẹ fúnra rẹ̀ ni ó ń tọ́jú ọ̀nà fún odù. Bí a bá ti jẹ 12 kúrò lójú ọpọ́n, tí 16 sì dúró sójú kan, 20 péré ni ó ṣẹ́ kù fún ilé 11; ilé ẹni tí ó ń yọ̀ yóò máa gbẹ, ọmọ ẹyọ kan níhìn-ín, òfo lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ gan-an ni odù sì fẹ́ kí ilé rí kí ó tó wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá ń kánjú jẹ méjì méjì, ńṣe ni ó ń kó ọmọ tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ìhà kejì, tí ó ń fi oúnjẹ bọ́ ẹni tí ó fẹ́ pa á. Àgbò tí ó bá fẹ̀yìn rìn, agbára ni ó lọ mú wá.

Ìtàn ilẹ̀ Èkìtì fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ní ọdún 1878, lẹ́yìn tí Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí ti pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì ti para pọ̀, ìkánjú ni wọ́n fi bá àwọn alájọṣe wọn kó ogun lọ sí Ìkìrun. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún náà ni Ìbàdàn tú wọn ká, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sá lọ sì kó sínú odò Ọ̀tin, tí a fi ń pe ogun náà ní Jálumi títí di òní. Ká ní wọ́n tún kánjú padà lọ bí òpè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ, bóyá orúkọ Èkìtìparapọ̀ ì bá ti pa rẹ́ ní ọdún náà. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Orí àwọn òkè tí ó wà ní ìtòsí Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n tẹ̀dó sí, Ògèdèǹgbé Agbógungbórò sì di olórí ogun wọn. Kàkà kí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn tí ó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, nínú pápá, ńṣe ni wọ́n ń kó ohun ìjà jọ. Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Àwọn ọmọ wọn tí ó wà ní Èkó ń ra ìbọn òyìnbó tí a ń ki láti ìdí, èyí tí ṣakabùlà kò lè bá dọ́gba, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ gba ọ̀nà Oǹdó tí ìjọba Èkó ṣí ní 1872. Ìró àwọn ìbọn wọ̀nyí ni a gbọ́ tí a fi sọ ogun orí òkè yìí ní Kírìjì.

Látòósà kú sí ibùdó ní 1885 láìrí ọ̀nà gba orí òkè náà kọjá. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 ni a fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà tí ó jẹ́wọ́ òmìnira àwọn ìlú Èkìtìparapọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ibùdó ká pátápátá. Kò sí ẹni tí ó fi ojú ẹnì kejì gbolẹ̀; ọ̀mì ni wọ́n ta. Ṣùgbọ́n fún àwọn tí odò Ọ̀tin ti gbé àwọn ènìyàn wọn lọ, ọ̀mì yẹn ju ìṣẹ́gun lọ.

Àwọn kan yóò wí pé ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ayò ni ọpọ́n ń gbè, àti pé ẹnì kejì kò ní ju kí ó máa sá tẹ̀lé e lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ méjì ní Fásitì Vrije tí ó wà ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, fi kọ̀ǹpútà wo ayò yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní awari, dé òpin. Oríṣi ipò 889,063,398,406 ni ọpọ́n lè wà, wọ́n sì yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí àwọn méjèèjì kò bá ṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni wọn yóò ta. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ kò ju ẹnì kejì lọ. Bí ẹnì kejì bá ṣubú, ìkánjú ara rẹ̀ ni ó gbé e ṣubú.

Odù kíkó ní ewu tirẹ̀, kò sì yẹ kí a fi í pamọ́. Ẹni tí ó bá kó gbogbo ọmọ rẹ̀ sójú kan, tí kò fi ọmọ kéékèèké sí àwọn ilé ọwọ́ òsì tí yóò máa sún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò dé ibi tí kò ti ní ohun mìíràn tí yóò ta ju odù náà lọ, yóò sì tú u nígbà tí kò tíì pọ́n. Ọ̀ta tí ó gbọ́n pẹ̀lú yóò máa fi 2 tàbí 3 há ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ kí odù má baà rí ohun jẹ; irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ń dúró dè, nítorí pé bí ó pẹ́ bí ó yá, òun náà gbọ́dọ̀ ta, bí ó bá sì ta, ilé rẹ̀ kan yóò ṣófo. Ibí yìí gan-an ni sùúrù ti ń di iṣẹ́.

Ó yẹ kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn tún ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ ọmọdé ní ayò ṣe. Ìsẹ̀ ni ìlú Ọlọ́wẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó gbẹ́ òpó ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, láàrin 1910 sí 1914, kò sì yẹ kí ọpọ́n ayò wọ́n ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìkẹ́rẹ́ sì ni a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ níṣẹ́, ní Yunifásítì Bámidélé Olúmilúà. Kí àwọn olùkọ́ náà má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ mẹ́rin mẹ́rin, nítorí pé níbẹ̀ ni ọmọdé ti ń kọ́ ìwọra. Kí wọ́n fi 16 sí ìpẹ̀kun ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà, kí wọ́n fi ọmọ díẹ̀ sí àwọn ilé rẹ̀ yòókù, kí wọ́n sì fi òfo, ẹyọ kan àti méjì sílé ẹnì kejì. Kí wọ́n wá bi í léèrè bóyá ó tó àkókò láti tú odù náà, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ọmọ ayò kankan títí yóò fi ka ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ó wà níwájú rẹ̀ tán.