Adùn Ní Í Gbẹ̀yìn Ewúro

Ẹni tí ìyà ń jẹ ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún, kí ó lè fara dà á títí nǹkan yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìlò yẹn dára. Ṣùgbọ́n inú ìkòkò ọbẹ̀ ni òwe náà ti wá, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dá a padà sí, nítorí àwọn ọkùnrin Kútọnu.

Ẹ wo ọlọ́kadà zémidjan tó dúró jẹun ọ̀sán létí ọjà Tokpa. Oòrùn ti pa á, ebi sì ti dé. Atassi wà níwájú rẹ̀, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀. Amiwo, ìyẹn ọkà àgbàdo tí wọ́n fi tòmátì rò, àti adìẹ díndín wà. Ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ náà wà. Bí ẹ bá sọ fún un pé ẹ̀fọ́ ń ṣara lóore, yóò ní òótọ́ ni, yóò sì ní kí wọ́n bu adìẹ fún òun. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ahọ́n rẹ̀ ló ń bá a yan oúnjẹ. Kò sì dá wà: ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2004, tó kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orílẹ̀-èdè 23, fi hàn pé àwọn ọkùnrin kì í jẹ èso tó àwọn obìnrin, wọn kì í sì í ka oúnjẹ aṣaralóore sí tó wọn.

Ewu tó wà nínú kí ahọ́n nìkan máa yan oúnjẹ kò kéré. Nígbà tí wọ́n yẹ ìlera àwọn ará Benin wò jákèjádò orílẹ̀-èdè ní 2015, nǹkan bí ẹnì kan nínú àgbàlagbà mẹ́rin ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Iyọ̀ wà lára ohun tó ń fà á. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má ṣe jẹ iyọ̀ tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn ṣíbí kékeré kan tí kò kún. Bẹ́ẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ máàgì tí à ń fọ́ sọ́bẹ̀, iyọ̀ ló kó ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adùn tirẹ̀ ló ń ṣíwájú. Ìkorò ló ń gbẹ̀yìn.

Ewúro ò rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ alásè ló sì ń mú adùn rẹ̀ jáde. A ó gbo ó nínú omi, a ó fún un, a ó da omi náà nù, a ó bu òmíràn. A kì í fọ ìkorò rẹ̀ tán pátápátá, torí díẹ̀ tó bá kù yẹn gan-an ni adùn ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gúsí yóò wọlé, ẹja yíyan, akàn, wàrà tí wọ́n ń pè ní wagashi, àti irú, tí àwọn Fọ̀n ń pè ní afitin. Irú tó dáa lè mú kí ọbẹ̀ ta sánsán láìsí máàgì rẹpẹtẹ. Ọkùnrin tó kọ ẹ̀fọ́ tí dókítà ní kó jẹ yóò fi ìka nu àwo ọbẹ̀ yìí.

Ní 2019, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Stanford tẹ ohun tí wọ́n rí ní ilé oúnjẹ àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà jáde. Nígbà tí wọ́n fi orúkọ tó ń dá ọ̀fun tòló pe ẹ̀fọ́, iye ìgbà tí àwọn èèyàn bù ú fi ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ìgbà tí wọ́n fi orúkọ ìlera pè é lọ. Àmọ́ ẹ̀fọ́ náà gbọ́dọ̀ dùn lóòótọ́. Orúkọ nìkan kò tó. Àwọn ìyá olóúnjẹ Tokpa kò nílò Stanford kí wọ́n tó mọ èyí.

Ahọ́n pàápàá ń kọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá dín iyọ̀ kù, ọbẹ̀ yóò kọ́kọ́ tẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí oṣù méjì tàbí mẹ́ta bá kọjá, ọbẹ̀ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni iyọ̀ rẹ̀ yóò wá pọ̀ jù fún un. Ibi tí òwe àwọn àgbà ti bá ọ̀rọ̀ wa mu jù lọ nìyẹn: adùn náà wà, ṣùgbọ́n kì í kánjú dé.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ dín ìhalẹ̀ kù, kí ẹ sì pe àwọn tó ń se oúnjẹ tà sí ìpàdé yín. Ẹ̀yin ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó nìkan. Ẹ ra ewúro àti irú bọ̀ wálé, ẹ ní kí wọ́n dín máàgì kù, kí ẹ sì fún ahọ́n yín ní oṣù méjì.