Ẹ Wo Ìdí Kóńgò Yín
Láti ọdún 1884 ni odindi Bíbélì ti wà ní èdè Yorùbá; kò sí ẹni tó lè ní òun kò gbọ́. Léfítíkù orí 19, ẹsẹ 35 àti 36, kò mẹ́nu kan ààwẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ló ń sọ. Síbẹ̀, a óò gbààwẹ̀, a óò ṣe ìṣọ́ òru ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a óò sì fi kóńgò tí a lu ìdí rẹ̀ wọnú wọn gàrí fún opó láàárọ̀ Sátidé. Ó ń dùn mí dọ́kàn. Nígbà tí Sákéù, agbowó òde inú Bíbélì, yí padà, àpò owó rẹ̀ ló fi hàn: ìlọ́po mẹ́rin ló ní òun yóò san fún ẹni tí òun bá ti rẹ́ jẹ. Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pààrọ̀ kóńgò yẹn kí ọjà ọ̀la tó ṣí.