50 Kí Ni? Èdè-Ìperí àti Ẹni tí ó Fẹ́ Ra Kámẹ́rà

Ọ̀rọ̀ tí a sábà máa ń jíròrò ní ojú ewé yìí ni ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ yóò lò níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé: kí ni kí a pe èyí nínú ẹ̀kọ́ físíìsì, kí ni kí a pe tọ̀hún nínú ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí. Iṣẹ́ ńlá ni, n kò sì fi ojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n ibòmíràn wà tí àìsí èdè-ìperí ti ń pa wá lára tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ ronú sí. Ibẹ̀ ni iwájú àtẹ oníṣòwò. Ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi béèrè ohun tí ó ń wá, ohun tí wọ́n bá fẹ́ tà fún un ni yóò rà. Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé orúkọ tí a bá fún ẹ̀yà irinṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ tí ẹ̀yà náà ń ṣe. Kò gbọdọ̀ jẹ́ àtúnwí ìpolówó ọjà. Kámẹ́rà ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni ó kọ́ èmi fúnra mi ní ẹ̀kọ́ náà, owó ẹ̀kọ́ ọ̀hún sì wọ́n.

Iṣẹ́ tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń ṣe ni gbígba ohùn àti àwòrán àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó. Ọ̀nà tí ó wà láàrin ìlú méjèèjì kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ, síbẹ̀ ààlà ẹ̀ka-èdè ni ẹni tí ó bá rìn ín ń kọjá. Nínú ìpín tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ń lò, Àkúrẹ́ wà ní ìhà àárín gbùngbùn, ìhà tí a mọ̀ mọ́ fáwẹ́lì àìránmúpè 9 dípò 7 tí ó wà nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Oǹdó wà ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn, ìhà tí a mọ̀ mọ́ ìyàtọ̀ àtijọ́ láàrin ìró gh àti gw, èyí tí ó ti parẹ́ ní ìhà Ọ̀yọ́. Etí nìkan kò tó fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá pe gw, ètè rẹ̀ a ká. Ojú ni a fi ń rí i. Nítorí náà a nílò kámẹ́rà. Owó tí ó wà lọ́wọ́ wa kò sì lè rà ju ẹyọ kan lọ, tòkúnbọ̀ ni yóò sì jẹ́.

Oníṣòwò kan ní Àkúrẹ́ gbé méjì kalẹ̀ fún wa, iye owó wọn kò sì jìnnà sí ara wọn. Èkíní ni Canon EOS 600D tí ó jáde ní 2011, ọ̀kan lára àwọn tí a ń pè ní DSLR. Lẹ́ńsì méjì ni ó bá a rìn: ọ̀kan tí ó ń fà láti 55 mìlímítà dé 250, àti kékeré kan tí kì í fà rárá, tí ó jẹ́ 50 mìlímítà. Èkejì ni Canon PowerShot SX50 HS tí ó jáde ní 2012. A kò lè yọ lẹ́ńsì tirẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́ńsì náà ń nà jáde bí ọrùn ìjàpá. Oníṣòwò náà sọ fún mi pé, “Ọ̀gá, fífà tibí yìí jẹ́ 50. Ti ọ̀hún kò ju 4 àti àbọ̀ lọ. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀.” A ṣe ìṣirò náà, a sì rí i pé 50 ju 4 àti àbọ̀ lọ ní ìlọ́po 11. A ra èyí tí ó jẹ́ 50.

Ní Oǹdó, ìyá àgbà kan gbà wá ní àlejò ní ọjọ́ rọ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo ni yàrá náà ní, iná mànàmáná kò sì sí. Màmá sọ ìtàn ìgbà èwe wọn fún wa fún bí wákàtí kan, ní ojúlówó Oǹdó tí àwọn ọmọ-ọmọ wọn kò lè sọ mọ́. Nígbà tí a padà dé Àkúrẹ́ tí a wo ohun tí a gbà, ohùn wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n ojú màmá dà bí ẹni pé wọ́n da yanrìn lé e lórí. A kò mọ ibi tí ètè ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. A pinnu pé a ó padà lọ. Ní oṣù kẹta tí a padà, màmá ti re ibi àgbà ń rè.

N kò dá oníṣòwò náà lẹ́bi. Ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí ni ó kà fún wa. Àwa tí a ń pe ara wa ní onímọ̀ èdè ni kò bi í ní ìbéèrè tí ọmọdé ìbá bi í: 50 kí ni?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ àwọn kámẹ́rà náà. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan pe irú SX50 ní “kámẹ́rà afárá”, nítorí pé orúkọ tí ó ní lẹ́nu Òyìnbó nìyẹn. Ìtumọ̀ oréfèé ni. Bí Yorùbá bá gbọ́ afárá, odò ni yóò wá sí i lọ́kàn. Ohun tí ó yẹ kí orúkọ náà sọ ni pé kámẹ́rà yìí dúró sí àárín kámẹ́rà kékeré tí a ń kì bọ àpò àti kámẹ́rà ńlá tí a lè pààrọ̀ lẹ́ńsì rẹ̀. Mo dábàá kámẹ́rà alágbedeméjì. Ní ti DSLR, ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni dígí kan tí ó dábùú nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ a gba lẹ́ńsì wọlé, dígí náà a gbé e lọ sókè sí ojú ayàwòrán. Bí ayàwòrán bá tẹ bọ́tìnì, dígí a gbéra kúrò lọ́nà, ìmọ́lẹ̀ a sì kọjá lọ sí ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n dígí ń jẹ́ méjì fún wa: dígí ojú fèrèsé àti dígí tí a fi ń wo ojú ara wa. Bíbélì Yorùbá ti lo àwòjìji fún ìkejì láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní kámẹ́rà aláwòjìji. Lẹ́ńsì fúnra rẹ̀ kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò orúkọ, nítorí pé gbogbo wa ni a mọ awò ojú. Awò ni n ó máa pè é láti ibí lọ.

Nísinsìnyí, kí ni 50? Bí ìtànṣán láti ọ̀nà jíjìn bá wọ inú awò, ibì kan wà lẹ́yìn awò náà tí wọn yóò ti pàdé. Àyè tí ó wà láàrin awò àti ibi ìpàdé yìí ni mo dábàá pé kí a pè ní ìnà awò. Lórí kámẹ́rà kan náà, bí ìnà bá ṣe gùn tó ni ohun tí ó jìnnà yóò ṣe tóbi tó nínú àwòrán. Ìnà awò SX50 bẹ̀rẹ̀ láti 4.3 mìlímítà, ó sì dé 215. Ẹ fi 4.3 pín 215, 50 ni ẹ ó rí. Nọ́ḿbà náà kò sọ bí awò ti ríran jìnnà tó. Iye ìgbà tí òpin rẹ̀ fi ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ ni ó ń sọ. Awò tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá ni yóò ní nọ́ḿbà ńlá. Awò 55 sí 250 ní nọ́ḿbà kékeré nítorí pé òkè ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fi òṣùwọ̀n kan náà wọn àwọn méjèèjì, ìyẹn òṣùwọ̀n fíìmù 35 mìlímítà àtijọ́ tí àwọn ayàwòrán ṣì ń lò, òpin SX50 jẹ́ 1200, òpin ti 600D jẹ́ 400. Ìlọ́po 3 ni ìyàtọ̀ wọn. Ìlọ́po 11 tí a kà níwájú àtẹ kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, “fífà” nìkan kò tó. Ìlọ́po ìnà ni kí a máa pe nọ́ḿbà ara páálí, ìnà òpin sì ni kí a máa pe ohun tí ẹni tí ó fẹ́ wo ọ̀nà jíjìn ń wá.

Ìlọ́po 11 wà níbìkan ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ kámẹ́rà tí a kọ̀ sílẹ̀ ni ó wà. Nínú kámẹ́rà ìgbàlódé, ẹ̀yà kan wà tí ó rọ́pò fíìmù, tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sórí rẹ̀. Mo kọ́kọ́ fẹ́ pè é ní agbàmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa lè rò pé a ń sọ̀rọ̀ ẹni tí ó gbá nǹkan mọ́lẹ̀. Agbàtànṣán kò ní irú ìdààmú bẹ́ẹ̀. Agbàtànṣán 600D jẹ́ 22.3 mìlímítà ní ìbú àti 14.9 ní òró. Ti SX50 jẹ́ nǹkan bí 6.2 àti 4.6. Ojú ti èkíní fẹ̀ ju ti èkejì lọ ní ohun tí ó lé ní ìlọ́po 11. Ẹni tí ó gbé agbada sí abẹ́ òjò àti ẹni tí ó gbé ife síbẹ̀ kò lè bu omi kan náà.

Ẹ̀yà kejì ni ihò awò, ẹnu ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Bí a bá fi fífẹ̀ ihò náà pín ìnà awò, nọ́ḿbà tí ó bá jáde ni mo pè ní iye ihò. Kí òǹkàwé ṣàkíyèsí pé bí iye ihò bá ṣe tóbi tó ni ihò fúnra rẹ̀ ṣe kéré tó. Iye ihò awò 50 mìlímítà tí oníṣòwò kò tilẹ̀ mẹ́nu bà jẹ́ 1.8. Ti SX50 jẹ́ 3.4 níbi tí ó ti ṣí jù, ó sì ń di 6.5 bí awò bá ti nà dé òpin. Bí a bá ṣí kámẹ́rà méjèèjì fún ìwọ̀n àkókò kan náà, ìmọ́lẹ̀ tí ó gba ihò 1.8 bọ́ sórí ìwọ̀n àyè kan jẹ́ bí ìlọ́po 3 àti àbọ̀ èyí tí ó gba ihò 3.4. Ẹ sọ 3 àti àbọ̀ di púpọ̀ ní ọ̀nà 11, ẹ ó rí i pé àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà aláwòjìji ìbá gbà nínú yàrá màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 40 èyí tí a gbà. Inú ìlọ́po 40 yìí ni ètè tí a kò rí wà.

Kí n má ṣe ojúsàájú, kámẹ́rà alágbedeméjì ní ibi tí ó ti dára jù. Ẹni tí ó dúró ní ìsàlẹ̀ Òkè Ìdànrè ní ọ̀sán gangan, tí ó fẹ́ ya ẹyẹ tí ó bà sórí àpáta, kò ní rí aláwòjìji tí yóò ṣe é fún un ní owó bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí ó bá wà lẹ́yìn èrò nígbà ọdún Ògún ní Oǹdó, tí oòrùn sì ń ràn. Kò wúwo, kò sì sí pé a ń yọ awò nínú eruku ọyẹ́. Aláwòjìji tí ó ti pẹ́ sì ní àrùn tirẹ̀. Ìlẹ̀kùn tí ń ṣí tí ó sì ń pa dé níwájú agbàtànṣán ní iye ìgbà tí a retí pé yóò ṣiṣẹ́; Nikon sọ pé àwọn dán ti D7000 wọn, tí ó jáde ní 2010, wò fún ìgbà 150,000. Kí olùrà béèrè iye tí ó ti lò. Kí ó sì gbé awò sókè sí ìmọ́lẹ̀, bóyá ohun tí ó dà bí òwú aláǹtakùn ti hù nínú rẹ̀ nítorí ọ̀rinrin.

Àwọn kan yóò sọ pé kí ni a ń da ara wa láàmú sí, níwọ̀n ìgbà tí àwọn ayàwòrán wa ń fi ọ̀rọ̀ àyálò ṣiṣẹ́ wọn láìsí ìṣòro. N kò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ àyálò ni, kò sì sí ẹni tí kò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àyálò máa ń gbé orúkọ wá láìgbé àlàyé wá. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, kì í ṣe nítorí pé àwọn ọmọ náà kò lè há ọ̀rọ̀ Òyìnbó sórí. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ mọ ohun tí ó ń sọ ni. Ohun tí ó tọ́ sí ọmọ ọdún mẹ́fà tọ́ sí àgbàlagbà tí ó mú owó lọ sí ọjà.

A ti ta SX50 náà ní àdánù díẹ̀, a sì ti ra aláwòjìji kan tòun ti awò 50 mìlímítà rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tí ó bá wà ní ipò tí a wà kò gùn. Bí ohun tí ẹ fẹ́ yà bá jìnnà tí ọ̀sán sì ń bẹ, ẹ ra alágbedeméjì, kí ẹ sì béèrè ìnà òpin rẹ̀. Bí ó bá wà nítòsí tí ibẹ̀ sì ṣókùnkùn, bí yàrá àwọn àgbà wa ti máa ń rí, ẹ ra aláwòjìji àtijọ́, kí ẹ sì béèrè iye ihò awò rẹ̀.

Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ tí mo dábàá, n kò sọ pé wọn kò ṣeé tún ṣe. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó dára jù, kí ó mú un wá sí ojú ewé yìí. Ohun kan ni mo bẹ̀bẹ̀ fún: kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ èyí tí ẹni tí ó dúró níwájú àtẹ lè fi béèrè pé 50 kí ni, kí oníṣòwò sì lè fi dá a lóhùn.