Ojú Ẹ̀dá Lára Ògiri Ojúbọ

 

Àwọn ọ̀dọ́ ilé ìsìn wa fẹ́ tún ògiri ojúbọ ṣe. Wọ́n fẹ́ kí oníṣẹ́ ọnà fi ègé táìlì àti gíláàsì wẹ́wẹ́ to ojú bàbá wa kan tó ti wọlẹ̀ sára ògiri náà, kí ó rí bíi fọ́tò rẹ̀ gẹ́lẹ́. N kò bá táìlì jà. Amọ̀ tí a sun ni táìlì, amọ̀ kò sì ṣàjèjì sí orí. Fọ́tò yẹn ni n kò fara mọ́.

Nínú Ogbè-Ògúndá, Ifá sọ bí Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ṣe lọ yan orí nílé Àjàlá, ẹni tó ń fi amọ̀ mọ orí. (Ajẹgbèsè ni Àjàlá, òkè àjà ló sá sí fún àwọn olówó rẹ̀.) Àwọn méjì àkọ́kọ́ mú èyí tó tóbi, tó dán lójú. Wọn kò mọ̀ pé kò jiná. Òjò pa wọ́n lọ́nà ayé, orí sì ń bó. Afùwàpẹ́ tó rúbọ, tó san gbèsè Àjàlá, ni Àjàlá fúnra rẹ̀ bá yan orí tí òjò kò lè bàjẹ́. Ohun tí ojú rí lára orí kọ́ ni orí.

Àwọn agbẹ́gilére wa mọ èyí. Ẹ wo Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, ẹni tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní nǹkan bí ọdún 1875, tó ṣiṣẹ́ fún Arínjalè, tó sì kú ní 1938. Láàárín 1910 sí 1914 ló gbẹ́ àwọn òpó ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Chicago lónìí. Ọba jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tólẹ̀. Olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga jù ú lọ fíìfíì, ẹyẹ sì bà lórí adé. Fọ́tò wo ni yóò ya ọba kékeré báyìí? Síbẹ̀, ọmọ Èkìtì tó bá wò ó mọ̀ pé agbára àwọn ìyá wa ló gbé adé dúró.

Ilẹ̀kùn ààfin náà ńkọ́? Wọ́n gbé e lọ sí àfihàn Wembley ní 1924, àwọn British Museum fẹ́ ẹ, Ògògà sì gba ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba dípò rẹ̀. Pàṣípààrọ̀ yẹn kò dùn mọ́ mi nínú títí dòní. Lára ilẹ̀kùn náà, Captain Ambrose ká eékún jókòó lórí ohun tí wọ́n fi ń gbé e, Ògògà sì gúnwà ní tirẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ kò kọ ọ̀rọ̀ kankan síbẹ̀ kí a tó mọ ẹni tó nilẹ̀.

Adé pàápàá, ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ ni a fi to ojú sára rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń to táìlì. Ojú àwọn babańlá ló hàn síta. Ojú ọba tó wà láyé ni ìlẹ̀kẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ bò. Nígbà tí Jimoh Buraimoh ní Òṣogbo gbé ìlẹ̀kẹ̀ kúrò lára adé lọ sára pátákó, kò wá ojú ẹnì kan pàtó.

Àwọn ọ̀dọ́ ní bí kò bá jọ bàbá, àwọn ọmọ-ọmọ kò ní dá a mọ̀. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, n kò fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n pálọ̀ ni fọ́tò ń gbé. Ní ojúbọ, orúkọ àti oríkì ni a fi ń pe òkú, kì í ṣe ìrísí imú rẹ̀. Ojú Èṣù tó wà lórí ọpọ́n mi kò jọ ẹnikẹ́ni. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí a ti ń wo ara wa.

Mo ti sọ fún oníṣẹ́ ọnà náà pé kí orí tó ìdá kan nínú mẹ́rin gíga ara, kí ojú là, kí ọ̀pẹ̀lẹ̀ wà lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ kò tíì gbà. Ọ̀sẹ̀ Ifá tó ń bọ̀ ni a ó gbé e síwájú ọpọ́n.