Ká Tó Lọ Fa Tírélà Ológun Wálé

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí ni bàbá àwọn ọmọ mi fi wákàtí mẹ́fà kọ́ lójú ọ̀nà, nítorí tírélà kan tí ó rà ní gbàǹjo ìjọba Amẹ́ríkà.

Ẹ má rò pé tírélà gbọọrọ tí ń ná ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ni mo ń wí. Bí ọmọlanke onírin ni eléyìí rí: táyà méjì, àpótí irin kan, ọ̀pá kan níwájú, kò ní ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ ni í fà á. M101 ni àwọn ológun ń pè é. Wọ́n ṣe é láti máa tẹ̀lé ọkọ̀ M37 tí Dodge bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fún wọn ní 1951, ẹrù 1,500 pọ́n-ùn sì ni wọ́n ní kí ó máa gbé.

Iṣẹ́ àsè ni mo ń ṣe níhìn-ín. Bí àwọn ará wa bá ń sọmọ lórúkọ tàbí tí wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó, èmi ni í kó ìkòkò, àga àti àgọ́ lọ bá wọn. Owó tí a fi ń háyà ọkọ̀ ẹrù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo èrè wa tán. Ìdí nìyí tí inú wa fi dùn nígbà tí tírélà náà bọ́ sí wa lọ́wọ́.

Ní Sátidé, bàbá àwọn ọmọ gun píkọ́ọ̀pù, ó lọ pẹ̀lú okùn méjì péré. Wákàtí mẹ́ta ni àlọ. Ìgbà tí ó débẹ̀ ni ó rí i pé bọ́ọ̀lù irin ìdí ọkọ̀ wa kò bá ti ológun mu: òrùka irin ńlá ló wà lẹ́nu ọ̀pá tírélà náà. Ẹnu wáyà iná kò bára mu pẹ̀lú. Ó padà lọ́wọ́ òfo. N kò bi í léèrè. Mo gbé oúnjẹ fún un. Ìgbà tí ó jẹun tán ni ó wí pé, “Ìyá Sikírátù, bí a kò bá gbé e kí ọ̀sẹ̀ tó pé, owó wa ti wọgbó.”

Mo mú ìwé, a sì kọ ohun tí a ó ṣe.

Èkíní ni ìkọ́. A ra ìkọ́ tí í pa ẹnu dé mọ́ òrùka, tí agbára rẹ̀ ju ìwọ̀n tírélà àti ẹrù lọ. A sì ra ẹ̀wọ̀n méjì tí a ó fi kọ́ ara wọn lábẹ́ ọ̀pá, kí ó lè gbé e bí ìkọ́ bá já.

Èkejì ni iná. Fóòtì 24 ni iná ológun, 12 ni ti ọkọ̀ wa. A ra iná ẹ̀yìn olóòfà tí í lẹ̀ mọ́ irin.

Ẹ̀kẹta ni táyà. Nọ́ḿbà mẹ́rin ni ó ń parí àmì DOT lára táyà tí wọ́n ṣe láti 2000: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Mo wo àwòrán tí ó yà. Mẹ́ta péré ni ti tírélà wa! Táyà náà ti wà kí 2000 tó dé, bí ó tilẹ̀ ń dán. A ra odidi ẹsẹ̀ méjì tí wọ́n ti so táyà mọ́, nítorí òrùka ni ó de irú rímù yẹn, ó sì lè fò yọ pa ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, bí ó bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Ẹ̀kẹrin ni jáàkì, sípánà àti gíríìsì. Ẹ̀karùn-ún ni ìwé: Standard Form 97 ni ìjọba fi í jẹ́rìí pé ohun wọn ti di tẹni, kí a lè gba nọ́ḿbà ọkọ̀.

Ẹ̀kẹfà ló fa ọ̀rọ̀. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ bá wa lọ ṣeré. Mo ní, “Bàbá Sikírátù, ẹ jọ̀ọ́. Bíréèkì ọwọ́ nìkan ló wà lára rẹ̀, èyí tí a fi í dá a dúró nílẹ̀. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, òun kò tẹ tirẹ̀. Ẹ̀yìn wa ni yóò máa tì.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ó dára. Kí wọ́n dúró ti ìyá wọn àgbà.”

Nígbà tí a débẹ̀, a pààrọ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì, a yí wọn, wọn kò dún. A gbé ọ̀pá ìdúró iwájú sókè, a so ẹ̀wọ̀n, a tan iná wò, a sì rọra ń bọ̀. Ní nǹkan bí máìlì mẹ́wàá, mo ní kí a yà. Ó na ọwọ́ sí àárín ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó na ọwọ́ sí tòsì, ó yára fà á padà. Nígbà tí a tú u, gíríìsì inú rẹ̀ ti gbẹ bí ẹ̀kọ ìjẹta. A nù ún, a fi tuntun kún un, wákàtí kan sì lọ níbẹ̀. Bí a kò bá dúró, ẹsẹ̀ yẹn ìbá yọ lójú ọ̀nà, ọkọ̀ ọlọ́mọ mìíràn ni ìbá sì kọ lù.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kó àga sínú rẹ̀, bàbá àwọn ọmọ ló kọ́ mi pé kí ẹrù wúwo síwájú díẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, kí tírélà má baà máa fì bí ìrù. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sínú ìwé kó tó jáde.

Ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ máa béèrè, ṣùgbọ́n kí oúnjẹ ṣáájú ìbéèrè. Ẹ̀yin ọkọ wa, ẹ má pe ìbéèrè ní àfojúdi. Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, b'Ọlọ́hun bá fẹ́.