Ìka Tí Ń Há: Ẹ Má Jẹ́ Kí Ó Pẹ́

Àwọn kan a máa jí ní òwúrọ̀, kí ọ̀kan nínú ìka ọwọ́ wọn ká, kí ó má sì fẹ́ nà mọ́. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ kejì fà á, yóò ta pọ́, yóò sì dunni. Ẹlòmíràn a ní àsàsí ni. Ẹlòmíràn a sín gbẹ́rẹ́ sí i. Ẹlòmíràn a sì fara dà á nítorí ìbẹ̀rù abẹ. Ìbẹ̀rù yìí gan-an ni ó yẹ kí a bá wí.

Àìsàn yìí kì í ṣe àdììtú. Láti 1850 ni Alphonse Notta, oníṣègùn ará Faransé, ti ṣe àlàyé rẹ̀. Iṣan tí ń ká ìka a máa gba inú ohun kan tí ó rí bí òrùka kọjá ní ìdí ìka. Bí òrùka náà bá nípọn, tí iṣan sì wú, yóò máa há, bí okùn ṣòkòtò tí ó ta kókó ti ń há sí ojú ihò rẹ̀. Ó wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ, àti lára àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ.

Abẹ kọ́ ni ìtọ́jú fi ń bẹ̀rẹ̀. A lè kọ́kọ́ sinmi ọwọ́, kí a sì di ìka náà kí ó wà ní nínà. Abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì sì ti wo ọ̀pọ̀ ènìyàn sàn. Ṣùgbọ́n kí alátọ̀gbẹ sọ ipò rẹ̀ fún dókítà, nítorí ó lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ga fún ọjọ́ mélòó kan.

Bí ìwọ̀nyí kò bá tó, ọ̀nà mìíràn wà. Ní 1958, Lorthioir ròyìn bí a ṣe lè gé òrùka náà láìla àtẹ́lẹwọ́. Ní 1992, a ròyìn pé abẹ́rẹ́ lásán tó fún un. A ó pa ìrora ojú ibẹ̀, aláìsàn yóò máa mi ìka rẹ̀ títí yóò fi bọ́, kò ní gba rírán, yóò sì lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Èyí kì í ṣe iṣẹ́ àwọn agúnbẹ́rẹ́ kiri o! Iṣan ìmọ̀lára wà nítòsí, pàápàá ní àtàǹpàkò. Ọwọ́ dókítà tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ni ó tọ́ sí. Bí ó bá sì di dandan kí a la ọwọ́, ojú ọgbẹ́ kékeré ni.

Kí ni aránṣọ tàbí onídìrí yóò fi jẹun bí ìka bá gan pátápátá? Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹni tí ìka rẹ̀ bá ń há, kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.