Ẹ Má Bá Wa Tọ́jú Káàdì Wa Mọ́

Ẹ gbọ́ ná. Ìyá tó ń ta gaàrí ní ọjà Bódìjà, ṣé ó máa ń ní ká fi pọ́ọ̀sì wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, kó lè rọ̀ wá lọ́rùn láti sanwó nígbà tí a bá tún padà wá? Kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá sọ ọ́, a ó rò pé nǹkan ń ṣe é ni. Àmọ́ ohun tí ilé-iṣẹ́ géèmù ń sọ fún wa lórí ayélujára gan-an nìyẹn: "Ẹ jẹ́ ká bá yín tọ́jú káàdì yín." Àwa náà á sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni, torí ara wa ti wà lọ́nà, a fẹ́ tètè wọlé gbá géèmù.

Ọ̀rọ̀ wa kò ju ẹyọ kan lọ: ohun tí kò sí nínú àpótí, olè ò lè jí i. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń kó nọ́ńbà káàdì wa jọ láìnídìí, òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún olè. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká rántí PlayStation Network ní oṣù Kẹrin ọdún 2011. Láàárín ọjọ́ 17 sí ọjọ́ 19 oṣù náà, àwọn olè wọ inú ẹ̀rọ Sony. Lọ́jọ́ 20, Sony ti gbogbo rẹ̀ pa. Ó di ọjọ́ 26 kí wọ́n tó là á mọ́lẹ̀ fún àwọn oníbàárà pé orúkọ wọn, àdírẹ́sì, ọjọ́ ìbí, ímeèlì àti password ti bọ́ sọ́wọ́ olè. Àkáǹtì mílíọ̀nù 77 lọ̀rọ̀ kàn. Ní ti káàdì, Sony ní àdììtú ni àwọn fi dì í, kò sì sí ẹ̀rí pé wọ́n kó o, ṣùgbọ́n àwọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọn ò kó o.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, Kazuo Hirai, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá Sony, àti àwọn méjì mìíràn tẹrí ba ní Tokyo, wọ́n tọrọ àforíjì. Ó dáa, a gbọ́. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n tún kéde pé olè ti wọ Sony Online Entertainment náà, àkáǹtì mílíọ̀nù 24.6. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ tó yẹ kó bí gbogbo wa nínú wà. Àkójọ àtijọ́ kan láti ọdún 2007 ṣì wà ńlẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí olè ti kó nọ́ńbà káàdì bíi 12,700 ti àwọn tí kì í ṣe ará Amẹ́ríkà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ báńkì bíi 10,700 ti àwọn oníbàárà ní Austria, Jámánì, Netherlands àti Spéènì. Ọdún 2007! Kí ni wọ́n ń fi káàdì ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ṣe?

Sony ní kí àwọn oníbàárà mú géèmù méjì lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n fi gbàgbé. Géèmù méjì! Èèyàn lè pààrọ̀ password, ó lè pààrọ̀ káàdì, àmọ́ ta ló lè pààrọ̀ ọjọ́ ìbí? Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, àjọ tó ń rí sí ìsọfúnni aráàlú ní Ìlú Ọba bu owó ìtanràn £250,000 lé Sony, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ì bá má ṣẹlẹ̀ ká ní wọ́n ti mú sọ́fítíwíà wọn bágbà mu. Sony nìkan sì kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011, Gabe Newell ti Valve kọ̀wé sí àwọn tó ń lo Steam pé olè ti dé ibi tí àkọsílẹ̀ káàdì wọn wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àdììtú ló wà.

Wọn á ní: "Ẹ̀yin náà ńkọ́, tẹ́ ẹ̀ ń lo password kan ṣoṣo níbi mẹ́wàá?" Òótọ́ ni, ìyẹn ò dáa. Àmọ́ ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó bá adìẹ wí. Kì í ṣe password ẹnikẹ́ni nínú wa ló fi àkójọ ọdún 2007 sílẹ̀ títí di 2011.

Wọn á tún ní: "Ẹni tó ń san owó oṣooṣù ńkọ́? Báwo la ṣe fẹ́ gbowó bí a ò bá ní káàdì yín lọ́wọ́?" Ọ̀nà wà, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn gbowó lè tọ́jú káàdì, kó fún ilé-iṣẹ́ géèmù ní nọ́ńbà mìíràn tí wọ́n ń pè ní token. Ó dà bíi tálì ọsibítù: ọsibítù yẹn nìkan ló ti wúlò. Olè tó bá jí i kò lè fi ra búrẹ́dì níbòmíràn. Òfin àwọn ilé-iṣẹ́ káàdì fúnra wọn, ìyẹn PCI DSS, kò tiẹ̀ gbà kí ọlọ́jà tọ́jú nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì lẹ́yìn tí báńkì bá ti fọwọ́ sí owó náà. Wọ́n kúkú mọ̀ pé ohun tí a ò tọ́jú ni kì í sọnù.

Ọ̀rọ̀ yìí sì dùn wá ju bó ṣe dun ará Amẹ́ríkà lọ. Níbẹ̀, bí olè bá fi credit card èèyàn rajà, òfin ò gbà kí oníkáàdì san ju $50 lọ. Ní Nàìjíríà ńbí, debit card ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa. Owó school fees, owó ilé, owó oúnjẹ, àkáǹtì kan náà ni gbogbo wọn wà. Àwọn ọlọ́jà òkèèrè kan sì wà tí wọn kì í béèrè OTP rárá. Kó o tó sáré dé báńkì, owó ti lọ.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè nìyí. Ẹ̀yin ilé-iṣẹ́ géèmù, ẹ má bá wa fàmì sí àpótí "tọ́jú káàdì". Ẹni tó bá wù ló máa fà á fúnra rẹ̀. Ẹ pa àkọsílẹ̀ àtijọ́ rẹ́. Bí olè bá sì wọlé, ẹ tètè sọ fún wa. Nàìjíríà ti ṣòfin lọ́dún 2023, Nigeria Data Protection Act, pé kí àjọ ìjọba gbọ́ láàárín wákàtí 72, kí àwa tọ́rọ̀ kàn sì gbọ́ lójú ẹsẹ̀ bí ewu náà bá pọ̀. Kí àjọ náà jẹ́ kí òfin yẹn múná.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, a ò ní dúró dè wọ́n. Ẹ ra gift card, tàbí kẹ́ ẹ lo virtual card tí owó inú rẹ̀ ò ju iye géèmù lọ. Ẹ fún àkáǹtì géèmù ní password tirẹ̀, kẹ́ ẹ sì tan ìdánimọ̀ onípele méjì. Lákọ̀ọ́kọ́ ná, ẹ wọ inú àkáǹtì yín lónìí, ẹ wá ibi tí káàdì yín wà, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ tó gbá géèmù mìíràn.